Nígbà Tí Fíríìjì Bá Dákẹ́ Lọ́jọ́ Ìsinmi

Kò sí ọjọ́ tí ẹ̀rọ inú ilé ń ṣiṣẹ́ tó ọjọ́ tí àwa èèyàn ń sinmi. Bí ìjọba bá ti kéde ọjọ́ ìsinmi, tí ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ sì ti tì, gbogbo ẹni tó máa ń jáde láàárọ̀ ni yóò wà nílé títí di alẹ́, àlejò yóò tún wá bá wọn, aṣọ tó nílò fífọ̀ yóò di òkìtì, ilẹ̀kùn fíríìjì yóò sì máa ṣí, yóò máa padé lọ́wọ́ tàgbà tọmọdé. Nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn náà bá ṣí, atẹ́gùn tútù á ṣàn jáde láti ìsàlẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná tó ní ọ̀rinrin nínú á sì gba ipò rẹ̀. Bí a bá tún wá ki oúnjẹ tí kò tíì tutù sínú rẹ̀, tí a sì tò ó kún fọ́fọ́ débi pé atẹ́gùn kò rí àyè yí ká, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń fún gáàsì kiri inú rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, yóò sì máa gbóná sí i. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé orí burúkú ló ń mú kí ẹ̀rọ bàjẹ́ lásìkò ọdún tàbí lọ́jọ́ ìsinmi. Àìlera kan ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló wá tú u fó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsinmi gígùn kan ni fíríìjì ilé wa dákẹ́. Iná inú rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ tó ti mọ́ wa létí kò sí mọ́, inú rẹ̀ sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe ti rìnrìn àjò lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀, ilé ìtajà tí a ti ra fíríìjì náà ti tì, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló sì ń dá wa lóhùn lórí tẹlifóònù pé kí a padà pè lọ́jọ́ iṣẹ́. Àwọn kan nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí gbogbo àwọn tó ti tìlẹ̀kùn lọ yìí. N kò lè bá wọn bínú, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni inú rẹ̀ máa ń bí sí ẹni tí kò tọ́.

Ọjọ́ ìsinmi tó wà fún gbogbo òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1871 ni John Lubbock, ẹni tó ni báńkì, tó sì tún wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mú òfin kan wá tó fi ọjọ́ 4 kún iye ọjọ́ tí àwọn báńkì yóò máa fi sinmi lọ́dún. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ mìíràn náà tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè yà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ jáde láti inú ìjà fún iṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́. Ìpàdé kan tó wáyé ní Paris lọ́dún 1889 ló pe àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè gbogbo sí i, ọdún 1890 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é káàkiri. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́. Awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ kiri jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó ń bá a gbé e gun àtẹ̀gùn náà sì jẹ́ òṣìṣẹ́. Bí a bá ní kí àwọn wọ̀nyí máa fi ìsinmi tiwọn sílẹ̀ nítorí tiwa, a ti sọ ohun tí wọ́n jà fún fún gbogbo èèyàn di ti àwọn kan nìkan.

Ibi tí wàhálà wà ni pé wákàtí ni oúnjẹ inú fíríìjì ń kà, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni ẹni tí yóò wá tún un ṣe ń kà. Bí ilẹ̀kùn fíríìjì tó kú bá wà ní títì láìṣí i rárá, ó lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 4. Fírísà tó kún dáadáa lè pa tirẹ̀ mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún nǹkan bíi wákàtí 24, bí wọn kò bá ṣáà ti ṣí i. Oúnjẹ tó tètè ń bàjẹ́ ní láti wà ní ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìsinmi gígùn kan tí kò ju àkókò wọ̀nyí lọ.

Mo wá fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọjà títà àti àtúnṣe, ohun tí mo sì rí kò dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ló kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kedere jù lọ. Òfin kan tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1971 sọ pé gbogbo ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi gbogboogbò, ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ iṣẹ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ọjà Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ fún àtúnṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ tó kẹ́yìn nínú irú rẹ̀ sọ́jà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà tí a béèrè ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 3 gbáko bí kò bá sí ìsinmi kankan láàárín rẹ̀. Bí ìsinmi bá wọ inú rẹ̀, ó tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọwọ́ kejì, ẹni tó ra ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà ni ọjọ́ 14 yìí, ọjọ́ ìsinmi wà nínú rẹ̀, àyàfi bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n á fi sún un síwájú. Bí ó ṣe máa ń rí náà nìyẹn pẹ̀lú wárántì: bí wọ́n bá sọ pé ọdún kan ni, gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún ni wọ́n ń kà. Àkókò ẹni tó rà ń ṣàn lọ lọ́jọ́ ìsinmi, àkókò ẹni tó tà á sì ń dúró. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi òṣìṣẹ́ tó lọ sinmi, nítorí kì í ṣe òun ló kọ ìwé àdéhùn náà.

Ohun tó wá ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ìdúró, ju iye owó lọ pàápàá, ló ń sọ bóyá a ó tún ẹ̀rọ ṣe tàbí a ó ra òmíràn. Èèyàn lè fara da bàtà tó já fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ta ló lè fara da ilé tí kò ní fíríìjì fún ìgbà bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ọmọ kékeré bá wà níbẹ̀, tàbí ẹni tí oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù? Ìyá tàbí bàbá tó ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé kò ní àyè láti máa ronú lórí ẹ̀yà tó ń bọ̀ lọ́nà. Òmíràn ni yóò rà, ẹni tó bá sì ń ra ẹ̀rọ lábẹ́ ìkánjú kì í yan èyí tó dára jù lọ. Èyí tó lè tètè dé ló ń yàn.

Àwa náà ra òmíràn. Ìnira tó wà nínú ìyẹn nìkan tó ohun tí èèyàn lè sọ tán lọ́jọ́ kan. Àyè tí fíríìjì àtijọ́ fi sílẹ̀ láàárín ògiri àti kọ́bọ́ọ̀dù kò gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà, nítorí pé lóòótọ́ ni fífẹ̀ 60 sẹ̀ǹtímítà wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n gíga wọn kò bára mu, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ibi tí ooru ti ń jáde lẹ́yìn wọn. Èèyàn gbọ́dọ̀ wọn ẹnu ọ̀nà, kó wọn kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn, kó sì wo apá ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ilé ìtajà tó tà á fún wa kò béèrè èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Àwọn tó gbé e wá kò sọ fún wa pé fíríìjì tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbé nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán fún wákàtí mélòó kan kí a tó fi iná sí i, kí òróró tó wà nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè ṣàn padà sí àyè rẹ̀. Ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn irin ìdè tí wọ́n ń pè ní bóòtù wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi de dúróòmù, ìyẹn ìkòkò tí aṣọ ń yí nínú rẹ̀, mọ́lẹ̀ nítorí ìrìn àjò, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tú wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ tuntun náà yóò máa gbọ̀n bí ẹni pé ó fẹ́ rìn jáde kúrò nínú ilé, ó sì lè bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà tí atúnṣe wa padà dé lẹ́yìn ìsinmi, ó yẹ fíríìjì àtijọ́ wò. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, gáàsì inú rẹ̀ pé. Bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí rẹ̀ ló jóná, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju owó tí a ná lọ. Irin tí ọwọ́ ọlọ́gbọ́n mọ, wáyà bàbà, dígí àti ike tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ di ohun à-gbé-sọnù nítorí ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ òde òní: béárìn tó ń jẹ́ kí dúróòmù yí jẹ́ ohun kékeré tí a mọ̀ pé yóò jẹ nígbà tó bá pẹ́, síbẹ̀ wọ́n á fi iná jó ike méjèèjì tó yí dúróòmù náà ká pọ̀ mọ́ra, débi pé kò sí bí atúnṣe ṣe lè dé ìdí béárìn náà láìra gbogbo rẹ̀ lódidi. Mo mọ̀ pé àwọn àtúnṣe kan wà tí kò yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dá ọwọ́ lé. Gáàsì R-600a tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun dára fún ojú ọjọ́ ju àwọn gáàsì àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè gbaná, iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni. Ti bọ́ọ̀dù àti béárìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yàwòrán ẹ̀rọ náà ló yàn pé kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n níbí, ẹlòmíràn ló jẹ, ẹni tó rà á ló ń ru igbá.

Ìgbésẹ̀ díẹ̀ ti wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 ni ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ àti àwọn ohun èlò mìíràn kọ máàkì lórí 10 sí ara ọjà náà, èyí tí yóò fi han ẹni tó fẹ́ rà á bí àtúnṣe rẹ̀ yóò ti rọrùn tó. Ní ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àtúnṣe, tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2026. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá yan àtúnṣe dípò pàṣípààrọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú òfin, ìyẹn wárántì tí òfin fúnra rẹ̀ fún ẹni tó rà á, yóò rí ọdún kan sí i lórí ìdánilójú náà. Òfin yìí tún fàyè gbà á kí ilé-iṣẹ́ yá oníbàárà ní ẹ̀rọ mìíràn títí àtúnṣe yóò fi parí, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n kò kàn án nípá fún wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti di dandan, ó kéré tán lórí fíríìjì. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n yáni bá wà, atúnṣe lè sinmi ní ìsinmi rẹ̀, ẹ̀yà lè gba ọjọ́ iṣẹ́ tó bá gbà, kò sì ní sí ẹni tí ìkánjú yóò mú kó gbé ohun tó ṣeé tún ṣe sọnù. Gbogbo ibi tí èèyàn bá ti ń ra fíríìjì ni mo fẹ́ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ dé.

Kí ó tó dé, ohun kan wà tí àwa tó wà nínú ilé lè ṣe kí ìsinmi tó wọlé. Rọ́bà tó yí etí ilẹ̀kùn fíríìjì ká wà lára ohun tó ń tètè gbó, bó bá sì ti gbó, òtútù yóò máa yọ́ jáde, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ fi abala ìwé kan sáàárín ilẹ̀kùn, ẹ tì í, kí ẹ wá fà á. Bó bá jáde wẹ́rẹ́ láìsí ìdíwọ́, rọ́bà náà ti ń kú lọ. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún mọ́ níbi tí ó ti ká, ẹ tún un dán wò lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Rọ́bà yìí wà lára àwọn ẹ̀yà tí òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2021 yẹn ní kí wọ́n máa tà fún onílé fúnra rẹ̀ fún ọdún 10, onílé sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára pátákó kékeré inú fíríìjì yín sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún rọ́bà náà nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú yín.