Rune: lẹ́tà tó ń jẹ́ àṣírí

Lánàá mo dúró pẹ́ ti àpótí kékeré kan ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, Franks Casket lorúkọ ẹ̀, egungun ẹja àbùùbùtán ni wọ́n fi ṣe é láti bíi ọdún 700, lẹ́tà rune, ìyẹn lẹ́tà àtijọ́ táwọn Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ìbátan wọn ní Yúróòpù fi ń kọ̀wé, yí etí ẹ̀ ká, gbogbo ìlà ẹ̀ rí ṣóńṣó bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ ya á, mi ò lè gbójú kúrò. Ọ̀rọ̀ "rune" yẹn gan-an ló mú mi lọ́kàn: "rūn" lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àṣírí ni. Awo lèmi máa pè é. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ "raunen", ìyẹn ni kéèyàn máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kódà nínú Bíbélì èdè Goth, èdè àtijọ́ kan tó bá ti Jámánì tan, ní Máàkù 4:11, "runa" ló wà níbi táwa ti ń ka "ohun ìjìnlẹ̀".