Àbúrò mi kì í ṣe ọ̀lẹ

Àsìkò íńtàháòsì ti tún dé ní Òṣogbo o. Tí mo bá ń gba Òkè-Fíà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ìlù àwọn ọmọ tó ń kọ́ march past ni mò ń gbọ́, inú mi á dùn, àyà mi á tún já, torí àbúrò mi.

SS ni àbúrò mi, àìsàn sickle cell tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ ẹ̀ lè mọ̀ tẹ́ ẹ bá rí i. Nígbà tó wà ní JSS 2 ó pẹ́ dé pápá, tísà ní kó sáré yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, nínú oòrùn, ọmọ ní ó ti rẹ òun, wọ́n ní ọ̀lẹ ni, ló bá tún ń sáré. Lóru ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn tẹ̀lé e, ó ń ké, Màmá wa ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jó o lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ yẹn kọ̀, kò mọ́. Ọjọ́ márùn-ún la lò lọ́síbítù.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto máa ń tẹ̀ bíi dòjé lára ẹni tó bá jẹ́ SS. Tí omi bá dín lára ẹ̀, àbí òtútù mú un, àbí ó ṣe ju agbára ẹ̀ lọ, á há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ìrora dé nìyẹn.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ti ọdún kejì. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn tísà, wọn ò fi í sí nǹkankan mọ́, march past gan-an wọn ò mú un, abẹ́ kánópì ló jókòó sí tó ń ṣọ́ báàgì àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Kò jẹun lálẹ́. Ó bi mí pé ṣé torí wọ́n ń pè é ní fòní-kú-fọ̀la-dìde ni, ṣé wọ́n rò pé òun máa kú sórí pápá ni. Mi ò rí èsì fún un.

Màmá wa ló gba lẹ́tà dókítà lọ bá wọn: ọmọ yìí lè ṣeré, kó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, tó bá ní ó rẹ òun ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ má da omi tútù lé e lórí, kó wọ súwẹ́tà tí ọyẹ́ bá mú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan náà ní ikọ́ fée, eruku pápá ń pa á lára, ínhélà ẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́físì tí wọ́n tì pa! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tísà, àpò ọmọ ni kó máa wà.

Lọ́dún yìí Yellow House ni àbúrò mi wà, lọ́ọ̀ngì jọ́ọ̀mpù ló mú, torí téèyàn bá fò lẹ́ẹ̀kan á sinmi kó tó tún kàn án. Mo ti ra jọ́ọ̀gì omi ńlá fún un. Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ ni, mo ti gbàyè níbi iṣẹ́.