Àyẹ̀wò ọdún: bàálù Bàbá Gọ́ọ̀mù ti fò o

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o, àṣèyí ṣàmọ́dún. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n sọ bí ọjà ṣe lọ, owó ilé tó lọ sókè, ọmọ tó wọ yunifásítì, gbogbo ẹ̀ wà ńbẹ̀, Ọlọ́run ṣeun, a ò jẹ gbèsè, a ò gbé ara wa lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, mi ò rántí oṣù kẹfà ọdún yìí rárá, oṣù kẹjọ náà ti wọlẹ̀. Ohun tó kù lórí mi ò ju ọ̀sán Sátidé kan lọ nínú oṣù kẹsàn-án, tí bàálù SE5a wa gbéra lórí pápá koríko níbí ní Kent, tí aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán gbé odidi èèyàn lọ sójú sánmà tó sì tún gbé e padà wálẹ̀ láyọ̀. Bàbá Gọ́ọ̀mù, bàbá tá a jọ kọ́ bàálù náà, ò sí ńbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ńbí látọjọ́ ti mọ Bàbá, ẹ mọ bí mo ṣe lọ bá a ṣe kọ́tíìnì ilé ẹ̀ tí mo dẹni tó ń ran apá bàálù, mi ò ní tún ìyẹn sọ.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: bàálù ogun ni SE5a, Farnborough ni wọ́n ti ṣe é jáde, oṣù kọkànlá ọdún 1916 ló kọ́kọ́ fò, wọ́n sì ṣe ju 5,000 lọ. Tiwa, àwòṣe ni. Ó kéré díẹ̀ sí ti ìgbà yẹn, ìdá méje nínú mẹ́jọ, ẹ́ńjìnnì Continental tó ní agbára ẹṣin 100 ló wà níwájú ẹ̀ dípò Wolseley Viper oní 200, ìbọn Lewis tó wà lórí apá òkè sì jẹ́ igi àti páìpù lásán. Àwọn kan á ní ayédèrú ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an. Ẹ wo Fokker Dr.I, alápá mẹ́ta tàwọn Jámánì, èyí tí Manfred von Richthofen wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á lọ́jọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1918. 320 ni wọ́n ṣe, kò ku ẹyọ kan ṣoṣo láyé. Èyí tó gbẹ̀yìn wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Berlin, bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ló bà á jẹ́. Torí náà gbogbo alápá mẹ́ta tẹ́ ẹ bá rí tó ń fò lónìí, èèyàn ló jókòó ṣe é lọ́tun, egungun dé egungun. Tí wọn ò bá ṣe é, inú fọ́tò nìkan la ò bá ti máa wò ó. Kí ló wá jẹ́ ayédèrú níbẹ̀?

Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ yín lẹ jẹ́ télọ̀ bíi tèmi. Inú apá bàálù yìí, igi ni, igi gbọọrọ méjì tó lọ látìdí dé ṣóńṣó, àti egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú wọn, aṣọ la fi ń bò wọ́n. Láyé ogun yẹn línẹ́ẹ̀nì láti Ireland ni, lóde òní pọlisítà ni. A ó fi gọ́ọ̀mù lẹ etí aṣọ mọ́ igi, a ó wá máa fi áyọ́ọ̀nù tá a ti wọn gbígbóná ẹ̀ rìn lé e díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ gbóná jù kó má lọ yọ́, aṣọ á máa súnkì títí á fi le bí awọ gángan. Ìgbà yẹn ni rírán tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn ni, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ dáadáa. A ó gbé apá náà nàró, Bàbá á dúró lọ́hùn-ún, èmi lápá ibí, n ó ti abẹ́rẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ egungun kọjá, òun á gbà á, á dá a padà gba ẹ̀gbẹ́ kejì, n ó ta kókó, n ó fà á, ó di èyí tó kàn. Òwú náà ti gba ìda. Kókó kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara ẹ̀, tí ọ̀kan bá já lójú sánmà, èyí tó tẹ̀lé e ò gbọdọ̀ tú. Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ rí bí mo ṣe ń fa òwú ó béèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo ní lọ́dọ̀ ìyá mi n'Ítòkú l'Abẹ́òkúta, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ la fi tọ́ wa, téèyàn ò bá fa òwú yẹn dáadáa aró á wọlé, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n bá òun kí wọn. Mo sì bá a kí wọn.

Obìnrin ló ran èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ bàálù ogun yẹn o. Obìnrin náà ló ń kun ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní dope sí i lára kó lè fún, kẹ́míkà kan sì wà nínú ọ̀dà náà níbẹ̀rẹ̀ ogun, tetrachloroethane, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ibà pọ́njú ló máa ń dá sí wọn lára, ẹyinjú á pọ́n, àwọn mìíràn kú kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ìbòmú láti kun tiwa ni wọ́n máa ń wá sí mi lọ́kàn. Orúkọ àwọn páílọ̀ọ̀tì wà lára òkúta káàkiri ilẹ̀ yìí, èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n kọ ti télọ̀ sí.

Gillingham tá à ń gbé yìí ni wọ́n bí James McCudden sí lọ́dún 1895. Mẹkáníìkì ló ṣe nínú iṣẹ́ bàálù ológun Gẹ̀ẹ́sì kó tó di páílọ̀ọ̀tì, bàálù ọ̀tá 57 ló já lulẹ̀, SE5a ló fi já èyí tó pọ̀ jù, fúnra ẹ̀ ló sì máa ń tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tò, ó fi pístìn mìíràn sí i kó lè gòkè ju tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa á, bàálù ló já mọ́ ọn lọ́wọ́ bó ṣe ń gbéra nílẹ̀ Faransé, ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1918, ọmọ ọdún 23. Nǹkan bí àkókò yẹn náà ni ogun Adùbí ń jà nílẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dọ̀ wa. Àwọn arákùnrin McCudden méjì náà, iṣẹ́ bàálù yìí ló gbé wọn lọ. Mo máa ń ro ti ìyá wọn. Bàbá fẹ́ràn McCudden ju gbogbo wọn lọ torí pé ọwọ́ ẹ̀ máa ń dọ̀tí.

Ní oṣù kejì ni wọ́n sọ ohun tó ń ṣe Bàbá fún un. Ó ku apá ìsàlẹ̀ ọ̀tún nìkan nígbà yẹn. Ó ń wá sí háńgà títí ẹsẹ̀ ò fi gbé e mọ́, ó wá di pé èmi ló ń lọ bá a ní ọsibítù, màá gbé fọ́tò lọ, á wọ gíláàsì méjì pọ̀ láti wo kókó, á ní ìkẹta látòkè yẹn ńkọ́, mo ní ó wà dáadáa sà, á ní kí n gbé e súnmọ́ òun. Ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn kò béèrè fọ́tò. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ata ọ̀fadà fún yín. Ọdún tá a kọ́kọ́ mọra ni, mo gbé ọ̀fadà lọ fún òun àti Màmá, ìyàwó ẹ̀, mo ti kìlọ̀, Bàbá ní òun ti jẹ kọ́rì ní gbogbo Chatham. Ṣíbí kejì ni ojú ẹ̀ di pupa, omi ń dà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí bóyá mo ní láísẹ́nsì fún nǹkan ìjà yẹn. Látìgbà náà tí inspẹ́kítọ̀ bá wá wo bàálù, Bàbá á ní kó yẹ kúlà oúnjẹ mi wò kó tó lọ.

Oṣù karùn-ún ló lọ. Màmá ní ká mú nínú àṣẹ́kù aṣọ bàálù sínú pósí. Mo rán etí ẹ̀ yípo, mo ta kókó ẹ̀ bó ṣe yẹ, torí mo mọ̀ dájú pé á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún tá a fi parí apá ọ̀tún náà, ọkọ mi ni. Ọkọ mi tó ti ń sọ látọjọ́ pé ṣé aṣọ èèyàn ò tó mi rán ni. Á ti iṣẹ́ alẹ́ dé, á sùn díẹ̀, á wọ kádígan, á ní ó yá. Kò ṣe àríyànjiyàn kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbí kí gbogbo ayé lè gbọ́, Olówó orí mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni.

Ọjọ́ tó wá fò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wá láti ìwọ̀ oòrùn, kò le. Páílọ̀ọ̀tì tó fò ó ti wà lẹ́nu irú àwọn bàálù yìí tipẹ́, ó rìn yí i ká, ó fọwọ́ kan gbogbo wáyà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ yí fáànù iwájú, ẹ́ńjìnnì gbà, ó pa máginẹ́ẹ̀tì kan, ohun tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó tan án, ó pa èkejì, ó gbọ́ bó ṣe ń dún, ó mi orí sí wa. Kò pẹ́ lórí koríko rárá, ìrù kọ́kọ́ gòkè, táyà ta lẹ́ẹ̀mejì, mo rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ ọ̀tún yẹn nìkan ni mò ń wò. Mi ò wo ibòmíì. Oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tó yí padà wá sórí wa, òjìji egungun hàn nínú aṣọ, mo sì lè ka ìlà ibi tí mo rán. Mo ké gan-an, Màmá náà ń ké, ọkọ mi ní kòkòrò ló kó sí òun lójú.

Nígbà tó balẹ̀, ó ní apá òsì wúwo díẹ̀, òun ní láti máa fi ọ̀pá tì í sọ́tùn-ún kó tó lè lọ tààrà. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà, bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe nígbà àkọ́kọ́. A tú okùn wáyà ẹ̀yìn díẹ̀, a fún ti iwájú, a tún wọ̀n ọ́n, a fi wáyà kékeré dè é padà kó má baà fúnra ẹ̀ yí, ó sì lọ geere nígbà tó tún gòkè. Màmá ní tí Bàbá bá wà, ìbalẹ̀ yẹn ni ì bá máa rojọ́ ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Arákùnrin kan wà níbẹ̀ tó bi mí bóyá èmi ló ń tọ́jú oúnjẹ. Mo ní èmi ni mo rán apá. Mo wá sọ ti William Robinson Clarke fún un, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ọmọ Jamaica, tó wọ iṣẹ́ bàálù ológun Gẹ̀ẹ́sì ní mẹkáníìkì lọ́dún 1915, tó di páílọ̀ọ̀tì lọ́dún 1917, tí wọ́n yìnbọn bà lójú sánmà ní oṣù keje ọdún yẹn, tó ṣì fi bàálù RE8 ẹ̀ balẹ̀, tí nǹkan kan ò ṣe ẹni tó gbé. Arákùnrin náà dúró gbọ́ tán, ó tún béèrè púpọ̀ sí i. Inú mi dùn sí i.

Ohun tó kàn báyìí ni alápá mẹ́ta. Bàbá ti ṣe egungun apá méjì sílẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀, ó wà lórí àjà háńgà. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ẹ̀: ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1917 apá òkè Dr.I tú mọ́ Heinrich Gontermann, páílọ̀ọ̀tì Jámánì kan, lójú sánmà, ìyẹn ló sì pa á, nígbà tí wọ́n wádìí, ọ̀rinrin àti iṣẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa ni wọ́n bá nínú àwọn apá yẹn. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi máa ń wo oríkèé gọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, débi tí a fi sọ ọ́ ní Bàbá Gọ́ọ̀mù. Ní báyìí àwa la máa wò ó. Owó ò tíì pé, inspẹ́kítọ̀ ò tíì sọ bóyá egungun tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ yẹn ṣeé lò, mi ò sì fẹ́ fẹnu ṣe é tán. Ṣùgbọ́n Màmá ti ní ká máa lo háńgà lọ, ó sì ti kó àpótí abẹ́rẹ́ Bàbá fún mi pátá.

Apá mẹ́ta, rírán ẹ̀ á pọ̀. Ẹni tó bá wà ní Kent tó mọ òwú fà, tí kò sì bínú sí kí wọ́n ní kó tú u tún rán, kó kàn sí mi. A máa bẹ̀rẹ̀ Sátidé kejì nínú oṣù kìíní, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Oúnjẹ wà. Háńgà yẹn tutù púpọ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.