Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí QO-100: LNB kì í ṣe ẹgbẹ́ LNB

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ fẹ́ gbọ́ QO-100, ẹ̀rọ orí sátẹ́láìtì tí àwọn aláfẹ́ redíò ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀: wáyà tó so dẹ́kódà mọ́ LNB, ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú díìṣì, iná wà nínú rẹ̀. 13 volt ni fún vertical, ìgbì tó dúró lóòró, 18 fún horizontal, èyí tó dùbúlẹ̀. Ẹ má ki RTL-SDR, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ redíò lórí kọ̀ǹpútà, bọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú yín tún ti jó tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo jó o. Ẹ wá splitter, ohun tó ń pín wáyà sí méjì, tí ojú kan rẹ̀ ń jẹ́ kí iná kọjá, tí ojú kejì dí i. Ojú tó dí iná ni ti RTL-SDR.

Orí Es'hail-2, sátẹ́láìtì Qatar tó gòkè ní November 2018, ni QO-100 wà, ní 25.9° ìlà-oòrùn. Kì í kúrò lójú kan. Kò sí pé à ń fi áńtẹ́nà lé e kiri bíi ti SO-50, sátẹ́láìtì mìíràn tó ń yí ayé ká, tí kì í pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ kó tó wọ̀. Díìṣì DStv tí wọ́n ti pa tì sórí òrùlé tó láti fi gbọ́ ọ. 36° nìyẹn ń wò. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, ẹ gbé ojú rẹ̀ sókè bí ìwọ̀n 11, kẹ́ ẹ yí i sí gúúsù bí 6. Vertical ni ìgbì QO-100. LNB á sọ 10489.750 MHz di 739.750, ibẹ̀ lẹ ó ti bá bíkọ̀n àárín, àmì tó ń dún láìdákẹ́ tí a fi ń mọ ojú ibi tí a wà. Ọ̀rọ̀ sísọ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn: 2400 MHz nìyẹn, ó sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ.

Ẹ̀kọ́ kejì ni LNB fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Oríṣi méjì lẹ ó bá: DRO, tí ooru máa ń sún kúrò lórí ìgbì rẹ̀, àti PLL, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sún.

Mo ní ọ̀gá kan níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ fi QO-100 han àwọn òbí àti àlejò. Mo ní, “Sà, DRO ni LNB yìí, bóòrùn bá pa á, á sún kúrò lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ra ti PLL.” Ó ní LNB kan kò ju LNB kan lọ, pé ìnáwó ni àwa ọmọ ìsinsìnyí mọ̀. Ìdájí la dán an wò. Ará Brazil kan wọlé ketekete. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: “Ṣó o rí i?”

Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n tó pè wá. Oòrùn ti jókòó sórí LNB. Ohùn ẹnì kan kò fẹ̀ ju bí 2.7 kHz lọ, DRO tó gbóná sì lè sún ju 100 kHz lọ. Mo wá bíkọ̀n lókè, mo wá a nísàlẹ̀. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó tún ti yọ́ lọ. Ohun tó ń jáde nínú sípíkà dà bí igbe pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ìyá kan bèèrè pé ṣé èdè Brazil nìyẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú sí mi lójú gbogbo wọn: “Ṣebí mo ní kó o tún un wò dáadáa lálẹ́ àná!”

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ má bínú, sà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọ̀gá báyìí, bí ọmọ iṣẹ́ bá sọ ohun tó mọ̀, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, wákàtí tí ẹ máa lò ó gan-an ni kẹ́ ẹ dán an wò, kì í ṣe ìdájí. Kẹ́ ẹ ṣí WebSDR Goonhilly, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn ti lè gbọ́ QO-100, sórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí tiwọn bá ń sọ̀rọ̀ tí tiyín dákẹ́, LNB yín ló sá.

Owó oṣù mi ni mo fi ra PLL nígbẹ̀yìn. Ó ṣì wà lórí òrùlé wọn. Mo gbọ́ pé ọ̀gá máa ń mú àlejò lọ wò ó, á ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti sọ pé PLL ni kí wọ́n rà.