Ọdún Kòkòrò Ẹ̀wà

Ẹ kú ọdún o, ẹ sì kú ìyèdún. Gbogbo ayé ti gbé àyẹ̀wò ọdún tiwọn síta: ìlú tí wọ́n dé, ìwé tí wọ́n kà, owó tí wọ́n tù jọ. Èmi ò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ìwé tí mo kà, ti kòkòrò ni. Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ kí ọdún lè parí nírọ̀rùn.

Bí mo bá ní kí n to oṣù méjèèjìlá kalẹ̀ fún yín, irọ́ ni màá pa. Láti oṣù kìíní títí di oṣù karùn-ún, bóyá mo wà láyé ni o, bóyá mi ò sí. Mo rántí pé wọ́n kó wa lọ sí Òkè Ìdànrè lọ wo ewéko orí òkúta. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n ní ká gùn. Mo jókòó síbi ìsinmi kìíní, mo ní ewéko ibẹ̀ yẹn gan-an ló wù mí wò. Máàkì tó tọ́ sí ẹni tó jókòó ni wọ́n fún mi. Ó tán. Ìyókù ọdún, Ìyá Ẹlẹ́wà, ìyá tó bí ìyá mi, ló kó o lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ Ìyá. Ẹ mọ ìsọ̀ wọn l'Ọ́jà Ọba, ẹ mọ ẹnu wọn, ẹ sì rántí ọjọ́ tí wọ́n bi mí pé, "Lẹ́yìn gbogbo wàhálà JAMB, kòkòrò náà ló kù tí wọ́n ń kọ́ ẹ?" Iṣẹ́ dókítà ni gbogbo wa tó wà ní kíláàsì bàọ́lójì kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ ní gbangba, àmọ́ ẹ pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ìyá bá kúkú sọ mí ní Dókítà Kòkòrò, kó lè jẹ́ pé mo ṣì rí oyè náà gbà.

Nígbà tí wọ́n pín iṣẹ́ àṣekágbá, rúùmeètì mi gba omi odò Àlà, ó ń gbé ìgò kiri etídò. Ẹnìkan gba ìgbín. Èmi gba Callosobruchus maculatus, ìyẹn kòkòrò tí ìyá yín ń fi atẹ gbọ̀n dànù kí wọ́n tó gbé ẹ̀wà kaná. Wọ́n ní kí n lọ nǹkan mẹ́ta ní lẹ́búlẹ́bú, kí n dà á mọ́ ẹ̀wà, ká mọ èyí tó máa pa kòkòrò láìpa ẹni tó máa jẹ ẹ̀wà: iyèré, kànáfùrù, àti ewé dongóyárò. Kòkòrò tí màá fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Mo gba Ọjà Ọba lọ.

"Ohun tí mò ń lé ní ìsọ̀ lẹ ń sìn ní yunifásítì?"

"A fẹ́ mọ bí a ṣe máa pa á ni, mà."

"Ẹ ó sìn ín, ẹ ó fún un lóúnjẹ, ẹ ó wá pa á. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n bu kóńgò kan fún mi nínú ẹ̀wà tí kòkòrò ti sọ di ajere, wọ́n sì na ọwọ́ fún owó. Mo ní Ìyá, kòkòrò ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ẹ̀wà. Wọ́n ní ta ló bọ́ wọn tí wọ́n fi sanra? Mo sanwó.

Mo fẹ́ sọ eléyìí nípa wọn, torí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ níbi ìsìnkú. Ìyá ò fi ọtapíapía sí ẹ̀wà rí. Dichlorvos tó wà nínú ìgò kékeré yẹn, tí àwọn kan ń wọ́n sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà lù ú, ló mú kí ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa ní 2015. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ò gbọ́ ti Yúróòpù, wọn ò sì gbọ́ ti NAFDAC. Bí oníbàárà bá yọ hóró tó ní ihò, tó wá ń yínmú, Ìyá á wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Èyí tí kòkòrò ò lè jẹ, ṣé ìwọ lo fẹ́ jẹ ẹ́?" Iyèré gbígbẹ ni wọ́n ń dà sínú dírọ́ọ̀mù, wọ́n á sì dé e pinpin. Ìgbà tí mo dé láàbù ni mo tó mọ̀ pé dídé yẹn nìkan, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe: kòkòrò ń mí, afẹ́fẹ́ inú dírọ́ọ̀mù á sì tán mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn kòkòrò yìí, torí òun ni mo bá gbé jù lọ́dún yìí. Abo á lẹ ẹyin mọ́ ara hóró. Ẹyin á pa, ìdin á gbẹ́ inú ẹ̀wà wọlé, ibẹ̀ ló ti máa jẹ gbogbo oúnjẹ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á lu ihò roboto, á jáde, kò sì ní láti jẹ nǹkan kan mọ́. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì: kó gùn, kó yé, kó kú. Rúùmeètì mi ní tirẹ̀ ṣì sàn, kò san owó ilé.

Láti ya akọ sọ́tọ̀ lára abo, ìdí là ń wò. Abo ní ìlà dúdú níbi tí ìyẹ́ ò bò mọ́lẹ̀, ti akọ kò ní. Ìyá mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní, "Ìdí akọ ni mò ń wò, mà." Fóònù dákẹ́ lọ gbáà.

Ó tún mọ ẹ̀tàn í ṣe. Bí ọwọ́ bá kàn án, á ká ẹsẹ̀ jọ, á ṣe bí òkú. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ojú lásán ka òkú. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ la fi ń gún un nídìí; bí kò bá mira, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gún, mo kọ, ní wákàtí 24, ní 48, ní 72, ní 96. Ó débi pé abẹ́rẹ́ yẹn kì í kúrò láyà aṣọ láàbù mi mọ́.

Ibẹ̀ náà ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí ní oṣù kẹsàn-án pé kí n máa bọ̀ ní Arákalẹ̀, pé Ìyá ò jí. Ilé ti kún. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sílẹ̀. Mo wọlé tààrà, mo di ẹsẹ̀ Ìyá mú, mo fi èékánná tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Mo tún un tẹ̀. Ẹnìkan ní kí ni mò ń ṣe yẹn.

Kànáfùrù ló borí, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Kò jẹ́ kí ọjọ́ kejì pé tó fi tẹ́ wọn gbalaja. Eugenol inú rẹ̀ ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Iyèré ṣe ìkejì, dongóyárò ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá ì bá má gbà. Wọn ì bá ní iyèré tí mo lò ni kò gbẹ dáadáa, kí ló dé tí mi ò rà á lọ́dọ̀ àwọn.

Àwọn kòkòrò tí mi ò fún ní ohunkóhun pàápàá ń kú o. Ọjọ́ wọn ló pé. Ọ̀gbẹ́ni Abbott kan ti rò ó ní 1925, ó ṣe ìṣirò tí a fi ń yọ irú òkú bẹ́ẹ̀ kúrò, ká má baà gbé iṣẹ́ ọlọ́jọ́ fún kànáfùrù. Ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n rò pé ó pa Ìyá, Ìyá tó ti lé ní 80 ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fà á bọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí wọn kì í gbé oògùn mì àfi bí mo bá dúró tì wọ́n. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Abbott. Mo wo iyán tó wà níwájú mi, mo rí i pé ọbẹ̀ ti ń tutù.

Rúùmeètì mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ. Lọ́sẹ̀ ìsìnkú, ó fi odò Àlà rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bá mi ka kòkòrò. Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà níwájú mi báyìí. Òǹkà tèmi tín-ín-rín, tirẹ̀ gàdàgbà, ó wá kọ sí etí rẹ̀ pé, "Méjì ń díbọ́n, mo gún wọn, wọ́n jí. Pẹ̀lẹ́." Mi ò tíì mọ ẹni tó ń kí ní pẹ̀lẹ́, bóyá èmi ni, bóyá kòkòrò ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá láàbù wa tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi ní Sátidé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ mi, tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, tí wọ́n sì béèrè orí kẹrin lọ́jọ́ kejì.

Oṣù kọkànlá ni mo ṣe difẹ́ǹsì. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí kòkòrò mi. Ohun tó wà nínú ìwé ni "Ọjà Ọba, Àkúrẹ́." Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mu omi.

Bí iṣẹ́ bá parí, inú fírísà là ń kó èyí tó ṣẹ́ kù sí, kí òtútù parí wọn. Wọ́n ti ní kí n ṣe é. Mo ní kò síná. Òótọ́ ni, kò síná lọ́sẹ̀ yẹn. Iná ti dé, ó ti lọ, ó tún ti dé, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó wà nínú kóńgò tí Ìyá tà fún mi ṣì wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ fẹ́lẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mò ń fi ẹ̀wà tuntun sí i. Rúùmeètì mi ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó ń mu gàrí kí kòkòrò lè jẹ ẹ̀wà. Ẹ má sọ fún súpáfáísọ̀ mi.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí èsì bá jáde, àgùnbánirọ̀ ni. Bí mo bá bọ̀ níbẹ̀, mò ń rò ó pé kí n gba fọ́ọ̀mù másításì lórí ọ̀rọ̀ dírọ́ọ̀mù tí a dé pinpin yẹn. Mò ń rò ó ni mo wí. Ẹ má tíì kí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì kan àwọn kan nínú yín. Ìwé gbèsè Ìyá wà lọ́wọ́ mi. Wọn ò kàwé, àwòrán ni wọ́n ń yà: fìlà ni ẹnìkan, ọ̀kadà ni ẹnìkan, aboyún kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ á ti máa sáré báyìí. Kóńgò kan, ìlà kan. Mo ti dá èyí tó pọ̀ mọ̀, wọ́n sì ti ń san án, ẹ ṣeun. Ọ̀kan ló ṣòro: awò ojú ràbàtà, táì, báàgì lápá, ìlà mẹ́rin. Ó pẹ́ kí n tó dá wọn mọ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n bi mí níbi difẹ́ǹsì pé níbo ni mo ti rí kòkòrò. Mi ò ní dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí èsì jáde ná.