Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo so fáíbà

Oṣù kejì rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ńlá kan nílùú Ìlọrin. Láàárọ̀ àná, katakata tó ń gbẹ́ gọ́tà gé okùn fáíbà wa, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà. Ọ̀gá mi gbé ẹ̀rọ ìsopọ̀ síwájú mi: "Ìwọ lo máa so ó lónìí."

Àyà mi já. Gíláàsì ni fáíbà, mílímítà 0.125 péré ni ìbú rẹ̀, bí irun orí. Èèyàn á bó o, á fi sípíríìtì nù ún, á gé ẹnu rẹ̀ kó gún régé, kí ẹ̀rọ tó fi iná yọ́ ẹnu méjèèjì pọ̀. Mo fọwọ́ kan ẹnu ti àkọ́kọ́, ó bàjẹ́. Eruku ọyẹ́ tún ba èkejì jẹ́. Ọ̀gá mi ò bínú rárá (mi ò ní gbàgbé ìyẹn láé). Wọ́n kàn ní, "Tún un gé."

Ẹ̀kẹta: ẹ̀rọ ní ìmọ́lẹ̀ tó sọnù lójú ìsopọ̀ náà ò ju 0.02 dB lọ, ó kéré gan-an. Ó mú!

Alhaja tó ń ṣe POS lódìkejì títì ké sí wa: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé o! Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i, ọmọ mi." Omijé bọ́ lójú mi.