Ìbọn Mi àti Ọmọrí Ìkòkò

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá ìbọn afẹ́fẹ́ mi jà, tí mo sì bá gbogbo ará ilé jà pẹ̀lú, kí àṣírí mi tó tú lójú bàbá ọlọ́dẹ àdúgbò wa ní Sátidé tí ó kọjá. Àwọn tí ó mọ̀ mí ní Òṣogbo níbí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè irú ìbọn tí mò ń wí: èyí tí mo fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ lóko àgbàdo, tí mo sì ti fi ṣe fáàrí kọjá ààlà.

Lójijì ni ọta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ó ṣe wù ú. Bí mo bá to agolo mílíìkì sórí kùkùté, tí mo dúró ní ogún ìṣísẹ̀, ọta kìíní á gba ọ̀tún, ìkejì á gba òsì, ẹ̀kẹta á lọ wọ igi ọ̀pẹ tí n kò tilẹ̀ kíyè sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà lóko náà tí ó jẹ́ pé bí mo bá yìnbọn, á dúró, á wo ibi tí ọta gbà lọ, á sì padà sídìí àgbàdo rẹ̀. Mo pè é ní àgbàdo rẹ̀ nítorí pé nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa pé, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé tèmi ni. Nínú ìlú tí ìtàn sọ pé Olútìmẹ́hìn ọdẹ bá Láròóyè tẹ̀ dó! Èmi ni ọ̀kẹ́rẹ́ wá ń fi ṣèran wò.

Mo ní ọta ni kò dára, mo ra páálí tuntun, mílímítà 4.5 bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fi aṣọ rírọ̀ nu inú ọ̀pá ìbọn títí ó fi ń dán bíi dígí. Mo lọ yẹ ojú wò. Dókítà ní ojú mi dára, inú sì bí mi. Ìgbà náà ni mo dá ọmọ mi ọkùnrin lẹ́bi, tí mo sì fi odidi alẹ́ kan wàásù fún un lórí bí a ti ń tọ́jú ohun ìní, bí mo ti ń bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọmọrí rẹ̀ ṣe.

Nígbẹ̀yìn, mo gbé ìbọn tọ bàbá ọlọ́dẹ lọ, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó bóyá Ògún ń bínú ni. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n fi ọwọ́ kan di pákó mú, wọ́n fi ìkejì di ọ̀pá, wọ́n sì mì í. Ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

"Síkúrù ẹ̀gbẹ́ òsì nìyí. Ti ọ̀tún ńkọ́?"

Wọ́n ní ìbọn onísípíríǹgì máa ń ta sẹ́yìn, a sì ta síwá, nígbàkígbà tí a bá yìn ín, àti pé bí síkúrù tí ó so irin mọ́ pákó bá ti yọ, irin náà kò ní jókòó bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ara mi ti tutù kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Èmi ni mo yọ ọ́. Nígbà tí ọwọ́ ọmọrí ìkòkò ìyàwó mi já, mo rí síkúrù méjì lára ìbọn, mo ní ọ̀kan á tó o; mo tilẹ̀ fi ìṣó lu ihò ọmọrí náà kí ó lè fẹ̀ tó o.

Mo sáré délé láti tú u, ṣùgbọ́n ìyàwó mi gbá ìkòkò mọ́ra.

"Bàbá Ṣadé, láti ọjọ́ tí ẹ ti ní ìbọn yìí, ẹran mélòó ló ti inú rẹ̀ wọ inú ìkòkò yìí?"

Kí ni n bá fi dá a lóhùn? Mo tú síkúrù ẹ̀gbẹ́ òsì, mo mú un lọ bá ọmọkùnrin kan tí ó ń ta síkúrù àti nọ́ọ̀tì ní Ọjà Ọba, kí ó bá mi wá ìkejì rẹ̀. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ojú tì mí, mo ní ọmọrí ìkòkò ni.

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wò mí lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkòkò tiyín yìí, ṣé ó ń yìnbọn ni?"